Òrùlé Tí Ẹnu Ṣí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbádùn díẹ̀? Ṣé wọ́n ti ń jókòó dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì, àbí wọ́n ṣì ń ti oògùn bọ abẹ́ ìrọ̀rí? Mo béèrè gbogbo èyí nínú lẹ́tà mi tó kọjá, ẹ ò dáhùn. Ohun tí ẹ kọ sí mi ò ju pé abọ́ tí ẹ fi ń gbe omi òjò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gbà á mọ́, ẹ ti gbé bààfù síbẹ̀. Màmá, bààfù kì í ṣe òrùlé.

Èmi wà dáadáa. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ìdí èyí tó ń lọ aṣọ ni mo wà báyìí. Ooru ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò bó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò ní dá yín lágara lórí ọ̀rọ̀ fóònù mọ́. Mo mọ̀ pé etí yín ò gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá yín gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé yín. Ìwé náà la ó máa kọ, bó tilẹ̀ ń pẹ́ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ òrùlé wá ńkọ́? Páànù ò ní ṣòro rà. Ẹni tí yóò kàn án ló ṣòro, mo sì ti wádìí. Ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì, èyí tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìwé, sọ pé àbíkẹ́yìn òun ṣì ń rákò nígbà tí káfíńtà kan kan òrùlé òun. Ọmọ náà ti ń fá irùngbọ̀n báyìí, ẹ̀kán omi kan ò tíì bọ́ sórí àjà wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrùlé tuntun hàn yín o. Òrùlé tuntun ta ni kì í dán? Èyí tí òjò ti nà títí tó rẹ òjò ni kí ẹ máa wò. Adákẹ́ ni àdúgbò ń pe káfíńtà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nílé kan nítòsí ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ lọ wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kó wá wọ inú àjà wa, kó fọwọ́ kan àwọn igi tó wà níbẹ̀ kó tó sọ ohun tí a ó pààrọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní ìsàlẹ̀ tó gbójú sókè tó ní "gbogbo rẹ̀ la máa pààrọ̀," ẹ fún un lómi mu, kó máa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, òjò ńlá ò ní pẹ́ dé. Yàrá Màmá Àgbà ló máa kọ́kọ́ wọ̀, ẹ sì mọ̀ pé wọn ò ṣeé gbé sá.

Èmi ọmọ yín, tó ń lọ aṣọ àwọn aláìsàn.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì le, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le. Oògùn tó ń fi pamọ́, mo ti ń lọ̀ ọ́ sínú tíì fún un. Kò tíì mọ̀, má sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí o bá kọ sí òun.

Ní báyìí, inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo lọ wo Adákẹ́ rẹ. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí maṣíìnì, mo mú agboòrùn, mo rìn dé ibẹ̀ nínú oòrùn tó ń ta bí ata. Ó wà lórí àkàbà. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Kò dáhùn. Mo ní bóyá ariwo òòlù ni. Mo dúró kó sinmi. Mo tún ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì ló júwe yín fún wa." Ó wò mí. Ojú wa ṣe mẹ́rin! Ó wá ní, "Hùn."

Hùn! Èmi tí mo bí ọ, èmi tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó ìdajì àdúgbò yìí, ọkùnrin tó lè jẹ́ àbúrò rẹ ní "hùn" fún mi, ó sì kọjú padà sí páànù rẹ̀. Mo bá yí padà. Mo gbọ́ tó ń fi òòlù gbá àkàbà lẹ́yìn mi bí ẹni ń pe ajá. Mi ò wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọmọ mi. Ẹni tí kò lè dá àgbà lóhùn lónìí, lọ́jọ́ tí òrùlé bá jò, tí mo lọ bá a, ṣé ọjọ́ yẹn ni yóò dá mi lóhùn? Mo délé, mo sọ ọ́, mi ò sì sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo sọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, torí Adákẹ́ yìí lòun náà ti fẹ́ gbé òrùlé rẹ̀ fún. Mo sọ fún gbogbo àwọn tó wá wọn aṣọ. Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mo pè é. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ránṣẹ́ sí i pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Má bẹ̀rù, mo ti rí ẹlòmíràn. Ọmọlúàbí gidi, orúkọ tí mo sì sọ ọ́ nìyẹn. Láti ẹnu géètì ló ti ṣí fìlà. Ó bá mi ká bébà àti aṣọ kúrò lórí àga kó tó jókòó. Ó wọ yàrá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa ẹsẹ̀. Ó béèrè ìwọ pàápàá, ó ní, "Ẹ bá wa kí àǹtí wa tó wà lókè òkun." Nígbà tó jáde sí àgbàlá, ó gbójú sókè, ó ní gbogbo rẹ̀ la máa pààrọ̀, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Mo fún un lómi mu. Àmọ́ mi ò ní kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ, tí wọn ò lè "hùn" fún lásán.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Àkọ́bí mi,

Mi ò tíì rí èsì rẹ, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò jẹ́ kí n dúró dè é. Mi ò tíì fọ ẹnu tán láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Ọmọlúàbí fi kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé, kó sì tó di ọ̀sán, wọ́n ti ṣí gbogbo páànù orí ilé yìí sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀! Mi ò rí irú iṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo dúró sí àárín yàrá mi, mo ń wo àwọsánmà láti ojú ihò tí òjò ti dá sí àjà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dà bíi pé a gbé bẹ́ẹ̀dì òun síta. Mo ní kó fara balẹ̀, òrùlé tuntun ló ń bọ̀ yẹn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì sọdá wá wò ó. Ọkàn rẹ̀ ò kọ́kọ́ balẹ̀, ó ní ìyára yìí pọ̀ jù. Èmi ni mo fi í lọ́kàn balẹ̀. Mo ní, "Èmi ń bẹ níbí, kí lẹ wá ń bẹ̀rù?" Bó ṣe gbé tirẹ̀ náà fún un nìyẹn, wọ́n sì ti ṣí i. Ọmọlúàbí fi ọ̀rá tapólì bo orí ilé àwa méjèèjì, ó ní òun lọ wá igi tó dára, òun ń padà bọ̀. Páànù tuntun tí a rà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi aṣọ bò ó kí eruku má baà bà á.

Sọ òótọ́ fún mi nínú lẹ́tà tí o máa kọ. Ìyá rẹ mọ èèyàn yàn, àbí kò mọ̀ ọ́n yàn?


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Lẹ́tà yín ti ọjọ́ kọkàndínlógún ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kà á, mo sì pariwo débi pé ọ̀gá mi sáré wá wò bóyá ẹ̀rọ ló jó mi.

Màmá, ìṣó ló wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn!

Mo bi ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, òun náà sì bi Adákẹ́. Káfíńtà tó wà lórí àkàbà, ọwọ́ kan di páànù mú, ọwọ́ kejì di òòlù mú, ibo ni yóò kó ìṣó sí? Àárín ètè rẹ̀ ni. Tó bá la ẹnu pé kó kí yín, yálà kó gbé ìṣó mì tàbí kí ìṣó já lu yín lójú. Ó ní "hùn" torí "hùn" nìkan ni ẹnu tó kún fún ìṣó lè sọ. Òòlù tó fi gbá àkàbà, ó fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dúró kóun sọ̀kalẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa délẹ̀, ẹ ti yà sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun tiẹ̀ sáré tẹ̀ lé yín díẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ ní Adákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní tó bá ti délẹ̀, ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ló máa ń ṣòro rí.

Ta ni mo wá ń ṣàlàyé fún o? Aránṣọ! Ìdí maṣíìnì yín ni mo ti dàgbà. Ìgbà wo ni pínnì kì í tò sí ètè yín? Oníbàárà á wọlé, á kí yín títí, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní "hùn," ẹ ó máa bá èjìká aṣọ lọ. Ìyàwó olùkọ́ kan bínú jáde nígbà kan, ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní kò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́. Ẹ̀yin, nínú gbogbo obìnrin tó wà láyé, ẹ̀yin lẹ lọ pe ọmọ ọlọ́mọ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ọ̀rọ̀ rere ń yọ obì lápò, mo gbà. Ilé tí a fi itọ́ mọ ńkọ́? Ṣebí ìrì ni yóò wó o. Ọkùnrin yín tó ń ṣí fìlà yẹn, ṣé ó fọwọ́ kan igi kan ṣoṣo? Ìsàlẹ̀ ló dúró sí, ọ̀rọ̀ tí mo sì kọ sí yín gan-an ló sọ, bí ẹni pé ó ka lẹ́tà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gun òrùlé. Ẹ má jẹ́ kó yọ páànù kan. Tó bá ti yọ ọ́, mi ò tiẹ̀ fẹ́ rò ó.

Ọmọ yín tí inú ń bí.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Àkọ́bí mi,

Abẹ́ tapólì ni lẹ́tà rẹ bá mi.

Ìdí maṣíìnì ni mo wà nígbà tí mo ń kà á. Pínnì wà lẹ́nu mi. Mo kà á dé ibi tí o ti pè mí ní aránṣọ, mo yọ wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sílẹ̀, mi ò lè rán aṣọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. O gún mi, ọmọ yìí. O gún mi dáadáa.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú sí ẹni tó yẹ. Ọmọlúàbí ò wá mọ́. Tí mo bá ránṣẹ́ sí i, ìkíni ló fi ń dá mi lóhùn: "Ẹ kú sùúrù, ìyá wa. Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa." Nígbà tí ó sú mi, mo gbéra, mo wá a lọ. Ǹjẹ́ o mọ ibi tí mo ti bá a? Orí òrùlé ẹlòmíràn! Ó ń ṣí i! Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gbé àga síta, ó ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn bí inú mi ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo wo òpópónà náà lọ sókè, mo wò ó lọ sísàlẹ̀, tapólì aláwọ̀ aró kan náà ni mo ń rí lórí ilé.

Mo wá mọ ọgbọ́n rẹ̀. Tó bá ti ṣí òrùlé rẹ, ibo lo fẹ́ lọ? Káfíńtà wo ló máa fẹ́ gba iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti fẹsẹ̀ bọ̀? Ó ń fi tapólì gba àyè sílẹ̀ lórí ilé wa bí ẹni gbé àpò sórí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì, ó wá lọ ń rìn káàkiri. Ẹni tó bá pariwo jù ló máa kọ́kọ́ kàn fún. Kò jí nǹkan kan gbé, ìyẹn ló tún dùn mí jù, torí mi ò lè pè é lólè. Mo bú u títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú oòrùn, ìyá wa. Ẹ má bínú." Mo fẹ́ gba fìlà yẹn kí n jẹ ẹ́!

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ tapólì ní gbogbo ìgbà, ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan ń gbọn aṣọ lé òun lórí. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò bú mi o. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìkókó ló wà lábẹ́ tapólì tiwọn, ìrì ti ba ìyẹ̀fun rẹ̀ jẹ́. Ó kàn ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí. Mo ń kí i, kò dáhùn.

Bá mi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ, kó bá mi bẹ Adákẹ́. Ojú ò jẹ́ kí n lọ fúnra mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ìdààmú. Mo fẹ́ tún bínú, àmọ́ mo gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo bá gbé ìbínú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣì wà níbẹ̀ o.

Ọ̀rẹ́ mi ti bá Adákẹ́ sọ̀rọ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ó ní ẹnu tí ẹ fi bà á jẹ́ ti dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣẹ́ tó jẹ́ tiẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló fi gba iṣẹ́ òrùlé ilé ìwé kan tó jìnnà, tó máa gbà á lọ́jọ́ púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá sọ fún un pé àgbàlagbà kan tí kò lè dìde ń bẹ nínú ilé náà. Ó wá ní òun máa wá kóun tó lọ. Àmọ́ ilé kan ṣoṣo ni ọjọ́ tó ní lè ká, torí òjò ńlá ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi báyìí kí nǹkan kan má baà wọ́n wa. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ jù, ẹ má ṣàlàyé jù. Ẹ ṣáà jẹ́ kó gun òrùlé. Màmá, ìgbà yìí nìkan, ẹ bá mi ṣe ohun tí mo wí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Àkọ́bí mi,

Adákẹ́ dé. Kò sí ìṣó lẹ́nu rẹ̀. Mo kí i, ó dáhùn, ó béèrè ara mi, ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi, ó béèrè iṣẹ́ mi àti tìrẹ, ó wá ń sọ ìtàn ìyá tirẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ bíi tèmi. Nígbà tó yá, ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ìṣó sẹ́nu. Mo ní kí n tọrọ àforíjì, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo igi ná." Ó wọ inú àjà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú òwú aláǹtakùn lórí. Ó ní igi wa le, pé àwọn tó wà lókè yàrá ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló rà. Àwọn yẹn nìkan! Afẹnudídùn-tannijẹ yẹn ní gbogbo rẹ̀ la máa pààrọ̀!

Ó ń gbé àkàbà ti ògiri nígbà tí ọmọ-ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lódìkejì. Igbe ìkókó tí nǹkan ń ni lára ni. Mo wòkè, ìkùukùu ti ń ṣú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé àkàbà yín. Ẹ sọdá sọ́hùn-ún."

Ó ní, "Ìyá, ilé kan ṣoṣo ni o."

Mo ní, "Mo gbọ́."

"Tiyín ni wọ́n ní kí n wá ṣe."

"Èmi onílé ni mo ní kí ẹ ṣe tiwọn."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ wa láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó figbe ta: "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ káfíńtà o! Ṣé èmi lo fẹ́ fi san gbèsè ẹnu rẹ ni?" Òótọ́ ló sọ. Mo ti pe àwọn èèyàn, a ti gbé e sí yàrá ìránṣọ níwájú, níbi tí tapólì ti nípọn jù.

Má bínú. Tí o bá sì máa bínú, kọ ọ́ wá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún

Màmá,

Mo ti bínú, mo sì ń kọ ọ́ wá bí ẹ ṣe wí.

Ta ni mo ń ṣiṣẹ́ fún? Mo ń dúró ti ẹ̀rọ gbígbóná títí ẹsẹ̀ mi á fi wú, kí ẹ lè ní òrùlé. Mo wá káfíńtà, ẹ lé e. Mo bẹ káfíńtà, ẹ fi ta ará àdúgbò lọ́rẹ! Ẹ ò sì fi ara yín nìkan tọrẹ. Ẹ fi Màmá Àgbà náà tọrẹ, wọn ò lè dìde, wọn ò lè sá, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n. Kí ni wọ́n ṣẹ̀ yín? Kí àdúgbò lè máa sọ pé èèyàn dáadáa ni ìyá aránṣọ, ìyẹn lẹ fi gbé ẹ̀gbọ́n yín sábẹ́ òjò?

Ó ti tó. Mo ti kọ̀wé sí ọmọ wọn ọkùnrin pé kó gbé mọ́tò wá, kó gbé ìyá rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tó bá dé, ẹ má bá a jà. Ẹ kó ẹrù wọn fún un.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Àkọ́bí mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwọ tí o ń dúró kí ẹsẹ̀ rẹ fi wú, ìwọ ni mo ń kí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ.

Òjò yẹn rọ̀. Ọ̀sán ló dé, ìjì ló sì ṣáájú rẹ̀. Tapólì ya. Mo ṣí agboòrùn lórí ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ara mi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń bú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí tó fi dá. Ó bú mi dé orí ohun tí mo ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo rò pé ó ti gbàgbé. Aṣọ àwọn oníbàárà bàjẹ́, èmi ni mo sì máa tún wọn rán. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wú ikọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Ikọ́ náà ti lọ. Bí kò bá lọ ni, mi ò mọ bí ǹ bá ṣe kọ lẹ́tà yìí sí ọ. Ìbínú rẹ tọ́ sí mi níbẹ̀, mo sì gbà á.

Ṣùgbọ́n o ní mo ṣe é kí àdúgbò lè yìn mí. Èyí ni mi ò gbà! Ta ló yìn mí? Ìyá Oníbúrẹ́dì ń sùn lábẹ́ òrùlé tí Adákẹ́ kàn, omi kankan ò wọlé tọ ìkókó náà, kò sì tíì dá mi lóhùn di àárọ̀ yìí. Mo ń kí i, ó ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí ìṣó lẹ́nu tirẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́. Èmi ni mo jẹ́ kó lé káfíńtà tó ti yàn, èmi ni mo tún fi í lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí ọkàn tirẹ̀ ń sọ òótọ́ fún un. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Tèmi bọ́, orí ilé ẹlòmíràn ló fọ́ sí. Ká ní mo jẹ́ kí Adákẹ́ kan tiwa lọ́jọ́ yẹn, màá wà ní gbígbẹ, màá máa gbọ́ igbe ọmọ yẹn lódìkejì nínú òjò. Òrùlé tí mi ò ní lè sùn lábẹ́ rẹ̀, kí lo fẹ́ kí n fi ṣe?

Mo sì ti fi ẹnu yìí kan náà ṣe iṣẹ́ tó yẹ ẹ́. Nígbà tí òjò dá, mo kó gbogbo àwa tí wọ́n ti ṣí òrùlé wa jọ. Ibikíbi tí Ọmọlúàbí bá gbé àkàbà ti ògiri, a ó ti débẹ̀, a ó sọ fún onílé pé, "Ẹ ní kó kọ́kọ́ kan tiwa ná." Bàbá tó fẹ̀yìn tì yẹn gbé àga rẹ̀ dání kiri! Kò rí ilé tuntun kankan ṣí mọ́. Ó ń kan àwọn tó ti ṣí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, kò sì rí àyè kí ẹnikẹ́ni. Tèmi nìkan ni mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Adákẹ́ padà láti ilé ìwé, ó wá ṣe é. Àná ló parí rẹ̀. Gbogbo oníbàárà tí mo ti bà á jẹ́ létí wọn, mo ti tọ̀ wọ́n lọ nílé wọn, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì dúró gbọ́ ọ tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé mọ́tò dé. Mo kó ẹrù ìyá rẹ̀ bí o ṣe wí, mi ò bá a jà. Ìyá rẹ̀ ló bá a jà. Ó ní ta ló ní kí wọ́n máa gbé òun kiri bí àga, pé bí òun bá fẹ́ kú sọ́wọ́ àbúrò òun, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni. Ọmọ náà jẹun, ó lọ.

Nítorí náà, má rán ẹnikẹ́ni sí wa mọ́. Ìwé lo fi yan káfíńtà, ìwé lo fi ń bínú, ìwé lo tún fẹ́ fi gbé ẹ̀gbọ́n mi kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìkókó tó wà lódìkejì yẹn, mo mọ ojú rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ tìrẹ lọ báyìí. Bó o bá fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi, wá gbé e fúnra rẹ. Bó o bá fẹ́ bínú sí mi, wá bínú lójú mi. Yàrá rẹ ò jò mọ́.

Ìyá rẹ.